Ẹni Tó Ya Ìgbéyàwó Lé Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí

Ọjọ́ tí Firdaus kọ́kọ́ fojú kan Mùíbì, etí rẹ̀ ló fẹ́ gbá.

Ọkùnrin náà dúró lórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọjà Sankaryaré. Ó ń kan wáyà mọ́ ara ògiri, ó fi eyín di ìṣó mú, ó sì ń fi imú kọrin. Ó ga, ó dúdú dáadáa, irun rẹ̀ sì kún fún eruku pupa bíi ti gbogbo ẹni tó bá ń gun mótò ẹlẹ́sẹ̀ méjì ní Ouaga nígbà ọyẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, Firdaus ì bá ti rí i pé ọkùnrin tó ṣeé wò lẹ́ẹ̀mejì ni. Lọ́jọ́ náà, ọ̀tá ló rí.

"Ìwọ lo ń ya fídíò ìgbéyàwó?"

Mùíbì tu ìṣó sí àtẹ́lẹwọ́. "Èmi ni. Ẹ káàbọ̀, mademoiselle. Ìgbà wo lẹ fẹ́ ṣe tiyín?"

"Kì í ṣe tèmi!" Firdaus fa kàsẹ́ẹ̀tì kan yọ nínú báàgì, ó sì là á mọ́ orí tábìlì, gbàà! "Ìwọ lo ya Monique nígbà tó ń ṣègbéyàwó ní Cissin. Kí ló wà nínú kàsẹ́ẹ̀tì yìí kó o tó ya Monique sí i?"

Mùíbì sọ̀ kalẹ̀. Ó yí kàsẹ́ẹ̀tì náà síwá sẹ́yìn, ojú sì tì í, nítorí kàsẹ́ẹ̀tì tuntun ló pè é fún ẹbí ọkọ Monique. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Oníbàárà ń kọjá."

"Mi ò ní rọra! Ẹ̀gbọ́n mi lo pa rẹ́! Ìgbéyàwó lo yà lé ẹ̀gbọ́n mi lórí!"

Àwọn alátẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà dá ọjà dúró, wọ́n gbójú sókè. Obìnrin kan tó ń ta ata gbígbẹ fi èdè Mòòré bi ẹnì kejì rẹ̀ bóyá wọ́n pààyàn ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀rẹ́ Firdaus láti kékeré ni Monique. Nígbà tí fídíò ìgbéyàwó rẹ̀ dé, ó pe àwọn ọ̀rẹ́ wá wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Wọ́n jẹ ìrẹsì ọlọ́ràá, wọ́n fi aṣọ ìyá ọkọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbéyàwó tán, àwọn obìnrin dìde láti palẹ̀ àwo mọ́, kò sẹ́ni tó rántí pa ẹ̀rọ. Ojú tẹlifíṣọ̀n dàrú, ó funfun, ó ń hó ṣàà bí epo tó gbóná jù. Lẹ́yìn náà ni ewúrẹ́ kan yọjú.

Ọmọláńgidi ewúrẹ́ tí wọ́n fi aṣọ rán ni, onírùngbọ̀n òwú, tó de táì sọ́rùn bí ọ̀gá ọ́fíìsì. Ọmọkùnrin kan tó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá jókòó tì í, àlàfo wà láàrin eyín iwájú rẹ̀. Ó nàka sí ewúrẹ́ náà, ó ní, "Búúgà, o tún ti jẹ ìwé mi!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń ti inú ikùn wá. Kàsẹ́ẹ̀tì sì tán.

Àwo bọ́ lọ́wọ́ Firdaus. Jìbírílù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọmọ náà. Jìbírílù ti kú.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọdé ní Ouaga láyé ìgbà náà mọ ohun tí à ń pè ní òwúrọ̀ Sátidé. Ní àgbàlá ilé Alájì Sùlàímọ́nù, bàbá Firdaus, ní Bilbalogo, wọn á gbé tẹlifíṣọ̀n jáde sórí tábìlì lábẹ́ igi neem, wọn á fi wáyà gígùn fa iná láti yàrá. Àwọn ọmọ á ti máa dé kí oòrùn tó mú: ọmọ Mọ̀sí, ọmọ Júlà, ọmọ Ànàgó, àwọn kan pẹ̀lú búrẹ́dì tí wọ́n fi mílíìkì alágolo kùn, àwọn mìíràn tí wọn ò tíì bọ́jú. Ìyá Firdaus, Àríkẹ́, á bu zoom-koom, omi ìyẹ̀fun ọkà tútù, fún wọn nínú ife kan ṣoṣo tí yóò máa yí ká. Eré àwòrán òyìnbó kan á kọ́kọ́ wá, tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orin Búúgà á bẹ̀rẹ̀, gbogbo àgbàlá á sì pariwo pọ̀, tí ewúrẹ́ gidi tó wà lọ́gbà ìkejì á dáhùn.

Jìbírílù kì í wò ó pẹ̀lú wọn. Inú tẹlifíṣọ̀n ló wà. Olùkọ́ rẹ̀ kan ló mú un lọ ṣe ìdánwò ohùn, ewúrẹ́ náà sì fẹ́ràn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ṣe ń sọ ọ́. Òun ló ń bá Búúgà jiyàn, òun ló ń já a nírọ́. Odidi orílẹ̀-èdè ló mọ ẹ̀rín rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi èrè ọjà ra ẹ̀rọ fídíò, ó sì ń ká a sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ọmọ náà dàgbà, ó wọ lycée, ilé ẹ̀kọ́ girama, kò sì ṣíwọ́ jíjá irọ́. Lọ́dún kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ́de. Jìbírílù wà níwájú, nítorí ohùn rẹ̀ lọ jìnnà ju ti gbogbo wọn. Ìbọn ró. Àwọn aláṣẹ ní sókè ni wọ́n yin ìbọn náà, pé ọta kan ló padà wálẹ̀ bà á. Firdaus fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ibi tí ọta náà gbà wọlé: ẹ̀yìn ni, ó lọ tààrà. Láti ọjọ́ náà ni ìbínú ti kọ́lé sí i láyà.

Kò pẹ́ tí wọ́n sin ín tí olè kó tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ fídíò àti àpótí kàsẹ́ẹ̀tì lọ. Ohun tí bàbá wọn sọ nìyẹn. Àríkẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní òun ò lè gbé ilé tí ohùn ọmọ òun ti kúrò. Kò sì padà wá.

Mùíbì gbọ́ gbogbo èyí ní ìdúró. Ó fi kàsẹ́ẹ̀tì náà sínú ẹ̀rọ, ó sáré rẹ̀ dé òpin. Bí ewúrẹ́ náà ti yọ, ó kígbe, "Búúgà!" ẹ̀rín sì gbà á lójú, nítorí òun náà ti dúró lẹ́yìn fèrèsé òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Cissin ní Sátidé tó pọ̀, òun ọmọ Kétu tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, títí wọn á fi da omi lé e.

"Ó pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Firdaus bi í.

Ẹ̀rín Mùíbì kú. Ó dá àwòrán dúró lójú ọmọ náà. "Ẹ má bínú. Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ̀ pé òun ni ọmọ tí wọ́n… Ọwọ́ Gàníyù tó ń ta tòkunbọ̀ ni mo ti ra kàsẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn. Mi ò wo inú wọn, ìṣẹ́jú àáyá kan mi ò wò ó. Mo kàn ń ya nǹkan lé wọn lórí."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

Firdaus wo ojú rẹ̀, ó fẹ́ rí ibi tí yóò ti bú u. Ó rí i pé omi wà lójú ọkùnrin náà, èyí sì túbọ̀ bí i nínú. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Mùíbì bẹ̀rẹ̀ sí í ra búùjì, ìyẹn púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Ṣọ́ọ̀bù pààtì mótò Alájì Sùlàímọ́nù kò jìnnà sí tirẹ̀, Firdaus ló sì ń jókòó níbẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ bá lọ kó ọjà. Ọjọ́ Ajé, Mùíbì ra búùjì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún dé.

"Mótò rẹ yìí," ni Firdaus wí láìgbójú sókè, "ṣé ó ń jẹ búùjì ni?"

"Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣàìsàn."

"Mótò náà dà?"

Mùíbì wẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá. Ó kó ọwọ́ sí àpò, ó mú kàsẹ́ẹ̀tì tuntun kan jáde, tí ọ̀rá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. "Mo ti kó ibi tó kù níbẹ̀ sórí èyí. Mo ti wá gbogbo ilé tí mo ya ìgbéyàwó fún, mo bẹ̀ wọ́n kí n wo ìparí kàsẹ́ẹ̀tì wọn. Mo rí díẹ̀ sí i. Ó kéré. Ní ibì kan, ẹ̀yìn orí rẹ̀ nìkan ló hàn." Ó fi ìka hàn án ní igun kàsẹ́ẹ̀tì náà. "Mo ti ṣẹ́ eyín kékeré tó wà níbí yìí. Bí wọ́n bá ti ṣẹ́ ẹ, kò sí ẹ̀rọ tó lè ya nǹkan mìíràn lé e lórí mọ́. Èmi gan-an kò lè ṣe é."

Firdaus gba kàsẹ́ẹ̀tì náà. Ó fẹ́ sọ pé o ṣeun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò wá. "Ọ̀gbẹ́ni Pa-á-rẹ́," ló sọ, "jókòó. Ẹni tó ra búùjì méjì láìní mótò, ó yẹ ká fún un lómi."

Láti ọjọ́ náà, ó ń jókòó. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ Sátidé. Wọ́n jiyàn lórí ọjọ́ tí Búúgà jẹ fìlà ọlọ́pàá, wọ́n jiyàn lórí ohùn ta ni ó wà nínú ewúrẹ́ náà. Mùíbì mọ gbogbo orin, ó ń kọ wọ́n lódì, Firdaus á sì fi aṣọ ìnumọ́tò nà án lórí ọwọ́. Nígbà tí ó bá rẹ́rìn-ín, á tètè dá a dúró bí ẹni tó jí nǹkan. Mùíbì rí i. Ó kàn tún ń wá ẹ̀rín náà lọ́jọ́ kejì.

Òun náà ló ní kí àwọn lọ sí ilé tẹlifíṣọ̀n. "Àwọn ló ṣe eré náà. Ẹ̀dà tiwọn ò lè má sí níbẹ̀."

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Stéphane ló mú wọn wọ yàrá tí wọ́n ń kó téèpù sí. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì lílọ̀, ó sì ń wo aago. Nígbà tí Firdaus dárúkọ Búúgà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ah, c'est vieux, ça! Ó ti pẹ́ jù! Ẹ̀yin náà ṣì ń rántí? Kò sí mọ́, mademoiselle. Téèpù wọ́n. Bí a ò bá rí tuntun, orí àtijọ́ la máa ń yà á sí. Eré ọmọdé la sì kọ́kọ́ ń pa rẹ́. Ta ló máa padà wá béèrè eré ọmọdé?"

"Èmi nìyí," ni Firdaus wí. "Mo ń béèrè."

Mùíbì ti ń ka ẹ̀yìn téèpù lórí pẹpẹ. Ààrẹ ní Kaya. Ààrẹ ní Dori. Ààrẹ ń ṣí kànga. Ààrẹ ń gbin igi. Ààrẹ ń gba àlejò. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì yíjú padà.

"Mùsíọ̀, kànga kan ṣoṣo nìyí. Téèpù rẹ̀ kún pẹpẹ. Ọmọ wo nílùú yìí ló lè kọ orin kànga yẹn? Gbogbo wa la mọ Búúgà! Ayé wa lẹ mú, ẹ fi ya ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀!" Ohùn rẹ̀ ti ga, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń yọjú. "Ẹ ò tilẹ̀ bi wá! Ẹ ò bi ẹnikẹ́ni!"

"Ẹ rọra," ni Stéphane wí. Ó yíjú sí Firdaus. "Kí ni orúkọ ọmọ tí ẹ ń wá?"

"Jìbírílù. Ọmọ Sùlàímọ́nù."

Ojú ọkùnrin náà sé bí ìlẹ̀kùn. Ó mọ orúkọ náà. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jáde. Mo bẹ̀ yín, ẹ jáde kíákíá, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé."

Níta, nínú oòrùn, Mùíbì dúró. Ó ń bẹ Firdaus pé kó má bínú, pé òun ba nǹkan jẹ́, pé òun kì í pariwo bẹ́ẹ̀ níjọ́ kan. Firdaus kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà. Ó ń wò ó. Láti ọdún tí Jìbírílù ti kú, òun nìkan ló ń gbé ìbínú náà kiri bí ẹni tó gbé omi gbígbóná láìrí ibi gbé e kà. Àwọn aládùúgbò ní kó gba kámú. Bàbá rẹ̀ ní sùúrù ni baba ìwà. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bínú pẹ̀lú rẹ̀ ní gbangba, láìbẹ̀ ẹ́.

Ó nawọ́, ó di ọwọ́ Mùíbì mú. "Má bẹ̀ mí," ló wí. "Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó pariwo nítorí rẹ̀."

Wọ́n rìn dé Sankaryaré bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tó já ọwọ́ ẹnì kejì sílẹ̀.

Ìfẹ́ tó dùn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó kan òkúta. Mùíbì padà lọ bá Gàníyù, ó fẹ́ mọ olè tó ta kàsẹ́ẹ̀tì fún un, bóyá kàsẹ́ẹ̀tì mìíràn ṣì wà níbì kan. Gàníyù, arúgbó tó jókòó láàrin ẹ̀rọ amúlétutù tó ti bàjẹ́, wò ó tìyanutìyanu.

"Olè wo? Alájì Sùlàímọ́nù fúnra rẹ̀ ni. Ó fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé gbogbo rẹ̀ wá. Mo ní kó gba owó tó yẹ, kò gbà, ó ní kí n ṣáà kó o kúrò níwájú òun."

Mùíbì kò lọ sọ́dọ̀ Firdaus lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló lọ, ó dọ̀bálẹ̀ ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. "Bàbá, mo ti mọ ẹni tó ta kàsẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kí Firdaus ti gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un."

Alájì Sùlàímọ́nù, èèyàn pẹ̀lẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè, dìde dúró gbọnrangandan. "Ìwọ lo lọ pariwo ní ilé tẹlifíṣọ̀n. Ṣé o rò pé mi ò gbọ́? O jẹ́ kí wọ́n dárúkọ ọmọ mi láàrin àwọn èèyàn yẹn! Àlejò ni wá níbí. Mo ti sin ọ̀kan. Ọkùnrin tí kò lè pa ẹnu mọ́ kò ní fi èkejì ṣaya. Má jẹ́ kí n tún rí ẹsẹ̀ rẹ níbí."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Mùíbì fi gbé ọ̀rọ̀ náà sínú, ó ń retí pé bàbá yóò sọ ọ́. Bàbá kò sọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ó dá Firdaus dúró lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí ọjà, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ Ajé."

"Ọjọ́ Ajé!" Àwọn èèyàn yíjú. "Mo jókòó tì ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ lánàá! Mo gbé omi wá fún ọ! O ń mu omi mi, o sì ń fi irọ́ ṣe àdídùn rẹ̀! Ìwọ pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀kan náà ni yín. Ẹ̀ ń dáàbò bò mí bíi pé ẹyin ni mí! Má wá ra búùjì mọ́. Má wá ra nǹkan kan."

Ó fi í sílẹ̀ láàrin ọ̀nà, ó gba ilé lọ.

Bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsárì tán, ó ṣì wà lórí bùúsù, ẹní ìkírun rẹ̀. Firdaus kò kúnlẹ̀.

"Bàbá, ta ló kó kàsẹ́ẹ̀tì Jìbírílù?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ká bùúsù rẹ̀. "Firdaus, ìbínú kì í da nǹkan fúnni. Sùúrù ni baba ìwà."

"Bí sùúrù bá jẹ́ baba rẹ̀, ta ni ìyá rẹ̀? Ìbẹ̀rù? Ẹ fi ìyá mi sílẹ̀ kó máa sunkún nítorí olè tí kò sí! Ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ bá a ṣépè fún olè! Kò lè gbé ilé yìí mọ́, ó lọ, ẹ sì mọ̀ pé ọwọ́ yín ni!"

Bàbá jókòó. Ọkùnrin náà ti gbó ju bí ó ti mọ̀ lọ. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Firdaus ní láti súnmọ́ ọn kó tó gbọ́.

"Ṣé o rántí àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀, tí wọ́n ń wá ní Sátidé lẹ́yìn ìsìnkú? Wọ́n ń wá wo kàsẹ́ẹ̀tì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn ò pọ̀. Kò pẹ́, wọ́n kún àgbàlá dé títì. Wọn kì í pariwo. Wọ́n kàn ń wo ọmọ kékeré tó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Ọkùnrin méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọn ò wọ aṣọ iṣẹ́. Wọ́n béèrè ìwé ìgbélùú mi, wọ́n kà á pẹ́. Wọ́n ní ọmọ mi ti kú, pé ó yẹ kó dákẹ́. Wọ́n wá béèrè kíláàsì tí ìwọ àbúrò rẹ̀ wà."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Gàníyù fúnra mi. Bí ìgbà tí mo tún ń sin ín ni. Ẹ̀rù bà mí, Firdaus. Mo purọ́ fún ìyá rẹ nítorí mo mọ̀ pé bó bá mọ̀, yóò lọ bá wọn jà."

Ìbínú tí Firdaus gbé wọlé kò lọ, ṣùgbọ́n ó yí ojú padà. Ìbínú náà kúrò lára bàbá, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó ń wá àwọn ọkùnrin méjì yẹn.

"Mo gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi sí yín. Mi ò ní purọ́."

"Kó máa bí ọ," ni bàbá wí. "Èmi náà, inú ti ń bí mi láti ọdún yẹn. Orí bùúsù yìí nìkan ni mo ti ń bínú. Jìbírílù…" Ó tún un pè, kíkankíkan, bí ẹni tó ń dán eyín tó dùn ún wò: "Jìbírílù ọmọ mi. Ọmọ mi tó ń já irọ́. Wọ́n yìnbọn fún un láti ẹ̀yìn!"

Àwọn méjèèjì sunkún. Lẹ́yìn náà, Firdaus kúnlẹ̀.

Nígbà tí orí rẹ̀ fúyẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí pé ó ṣeé ṣe fún Mùíbì láti má sọ ọ́ láéláé. Bí ó bá dákẹ́, Alájì ì bá máa pọ́n ọn lé, ì bá sì fún un níyàwó. Ó sọ ọ́, ó sì pàdánù àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Firdaus rò ó títí, ó sì tún bínú díẹ̀, sí ara rẹ̀.

Ó bá a ní ṣọ́ọ̀bù, tó jókòó láìṣe nǹkan kan.

"Ọjọ́ mẹ́ta yẹn," ni Firdaus wí lẹ́nu ọ̀nà, "mi ò tíì gbàgbé rẹ̀."

"Má gbàgbé. Mo ṣì í ṣe."

"Bí nǹkan bá kàn mí, èmi ni kó o kọ́kọ́ sọ fún. Kì í ṣe bàbá mi. Kì í ṣe ọjọ́ kẹrin."

"Dákọ́ọ̀, mo gbà. Ojú ẹsẹ̀ ni."

Ó wọlé, ó jókòó sórí àpótí.

"Mùíbì, mi ò mọ̀ bóyá inú yìí máa rọ̀ láé. Mo fẹ́ kó o mọ̀. Àwọn kan rò pé bí mo bá rí ọkọ, n ó gbàgbé. Mi ò ní gbàgbé."

Mùíbì kúrò lórí àga, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, nínú eruku. "Ta ló ní kó o gbàgbé? Èmi náà ń bínú. Ìwọ ń bínú ní Bilbalogo, èmi ń bínú ní Cissin, ọ̀nà náà sì jìn. Olólùfẹ́ mi, jẹ́ ká jọ máa bínú nínú ilé kan náà."

Firdaus wò ó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀, kò sì dá a dúró lọ́tẹ̀ yìí. "Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ obìnrin báyìí, Ọ̀gbẹ́ni Pa-á-rẹ́."

"Èmi ni mo ń fẹ́ ẹ báyìí. Kí lo wí?"

"Mo gbà. Lọ bá bàbá mi. Múra, yóò gbóná."

Ó gbóná lóòótọ́. Alájì Sùlàímọ́nù jẹ́ kí ó dọ̀bálẹ̀ pẹ́ kó tó ní kó dìde. "N ó fún ọ lọ́mọ mi, bí o bá lè búra fún mi pé o ò ní pariwo mọ́ níbi tí àwọn aláṣẹ bá wà."

Àbúrò bàbá Mùíbì tó bá a wá ń fi ìgunpá gún un pé kó yára búra. Mùíbì gbé orí sókè. "Bàbá, mi ò lè búra ìyẹn. Bí mo bá búra, irọ́ ni. Mo lè búra pé mi ò ní fi Firdaus sílẹ̀ nínú ewu, pé mi ò ní parọ́ fún un láé. Èyí nìkan ló wà lọ́wọ́ mi."

Àbúrò bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ bojú. Alájì pa ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà rẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà tìtì.

"Irú ìdáhùn tí Jìbírílù ì bá fún mi nìyẹn," ló wí níkẹyìn. "Bí o bá búra ni, ǹ bá lé ọ lọ. Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ ká dá ọjọ́."

Bàbá kò fi iṣẹ́ rán ẹnikẹ́ni sí Ògbómọ̀ṣọ́. Òun fúnra rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì lọ jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n sọ. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé bàbá padà dé pẹ̀lú ọwọ́ òfo, ó sì rù; àti pé nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n so yìgì, Àríkẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àpótí méjì. Kò kí ọkọ rẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná, ó ti àwọn obìnrin sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í se ọbẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ jinná, àwo bàbá ló kọ́kọ́ bù, ó sì bù ú dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, àgbàlá Bilbalogo kún. Monique wá, àwọn aládùúgbò Mọ̀sí wá, wọ́n ń kí pé bárkà, bárkà. Àwọn kan tí wọ́n bá Jìbírílù wà nílé ìwé nígbà kan, tí wọ́n ti di bàbá àti ìyá ọmọ, wá láìpè, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Lemọ́mù bi ọkọ, ọkọ dáhùn. Ó wá yíjú sí ìyàwó, ó ní ṣé ó gbà láti fẹ́ Mùíbì.

Àṣà ni pé kí ìyàwó tẹrí ba, kó fọhùn wẹ́rẹ́ bí ẹni tí ojú ń tì. Àwọn obìnrin ti na etí kí wọ́n lè gbọ́.

Firdaus gbé orí sókè. "MO GBÀ!" ló wí, ohùn náà sì kọjá ògiri, ó kọjá títì, tí àwọn ọlọ́kadà tó wà níkòríta fi yíjú wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Lemọ́mù gan-an fò sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni Alájì Sùlàímọ́nù, èèyàn pẹ̀lẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè, pa àtẹ́wọ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín.